Ọjà Etí Odò Ọya: Àyẹ̀wò Ìwé Pélébé Onitsha

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa ní ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni ó ń sọ pé oko bàbá òun ni ó tóbi jù. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo fi ọjọ́ márùn-ún nínú ìsinmi gígùn tí ó kọjá jókòó sí ọjà Onitsha, ní etí Odò Ọya. N kò bá òwò lọ, n kò sì ní ẹbí níbẹ̀. Ìwé ni mo ń wá. Mo ń wá àwọn ìwé pélébé tí wọ́n kọ, tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì tà nínú ọjà náà láti ìparí àwọn ọdún 1940 títí ogun abẹ́lé fi bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ púpọ̀ nínú wọn, àwọn ọmọ Igbo ni ó sì kọ èyí tí ó pọ̀ jù. Òǹkàwé lè béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé àrùn tí ó pa àwọn ìwé wọnnì ti wà lẹ́nu ọ̀nà tiwa náà, ẹni tí ilé aládùúgbò rẹ̀ bá sì ń jó kì í fi ọwọ́ rọrí sùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibùdó náà. Ẹni tí ó bá ti dúró ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, ti rí omi tí ó ń ṣàn gba iwájú Onitsha kọjá lọ sí òkun. Ìlú náà wà ní apá ìlà-oòrùn odò, Asaba sì kọjú sí i ní òdìkejì. Apá ìlú tí ó wà létí omi ni àwọn onílẹ̀ ń pè ní Otu, níbẹ̀ sì ni ọjà ti gbilẹ̀. Bí àwa Yorùbá ti ní ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin tí a fi ń ka ọjọ́ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Igbo ní Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ. Ọjọ́ Nkwọ ni ọjọ́ ọjà Onitsha láyé àtijọ́, kí ó tó di pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná an. Ní ìgbà náà, obìnrin olóyè kan tí wọ́n ń pè ní Omu ni ó ń ṣe àkóso ọjà, bí Ìyálọ́jà ti ń ṣe ní ìlú tiwa. Kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ Omu yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Àjọṣe Yorùbá pẹ̀lú etí odò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1857, Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn, bá ọkọ̀ Dayspring gúnlẹ̀ sí Onitsha, ó sì fi J. C. Taylor, ẹni tí àwọn òbí Igbo bí ní Sierra Leone, sílẹ̀ níbẹ̀ láti dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀. Ní ọdún kan náà ni a tẹ ìwé A B D tí Crowther kọ fún èdè Igbo. Ọmọ Yorùbá ni ó ṣe ìwé náà, kí àwọn ọmọ Igbo lè fi mọ ìwé kà. Nítorí náà, bí ọmọ Yorùbá bá lọ jókòó sí etí Odò Ọya lónìí tí ó ń bèèrè ìwé, kì í ṣe àtọ̀húnrìnwá tí ó ń yọjú sí ọ̀ràn tí kò kàn án.

Oṣù Kẹjọ ni mo dé ibẹ̀. Odò ti kún, omi rẹ̀ sì pọ́n bí omi amọ̀. Ní òwúrọ̀, àwọn ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀, àwọn alábàárù ń sáré ru iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja gbígbẹ gòkè, ọmọlanke ń kígbe pé kí ènìyàn yà lọ́nà. Bí oòrùn bá wọ àtàrí, ariwo a rọlẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan a fẹ̀yìn ti àpò ẹrù, wọn a máa tòògbé, àwọn mìíràn a kó ara wọn jọ sí abẹ́ òrùlé, wọn a máa jiyàn lórí òṣèlú àti bọ́ọ̀lù. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tí kò ní nǹkan kan láti rà a wá gba atẹ́gùn odò. Ní ọjọ́ kejì ni ó ti hàn sí mi pé ohun tí à ń pè ní ọjà ju ibi ìṣòwò lọ. Àwa Yorùbá mọ èyí dáadáa, nítorí iwájú ààfin ni a ń kọ́ ọjà ọba sí. Níbẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ìròyìn, níbẹ̀ ni a ti ń ṣe ọdún, ibẹ̀ náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń rí ẹni tí ó wù ú. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lápò náà ní àyè nínú ọjà.

Ní ọjọ́ kẹta ni mo rí bàbá àgbàlagbà kan tí ó tẹ́ ìwé sílẹ̀. Ìwé ìdánwò, ìwé orin àti ìwé àdúrà ni ó pọ̀ jù lórí àtẹ rẹ̀. Mo fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń ná ọjà bi í bóyá ó ní Veronica My Daughter. Ó wò mí títí, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀gá, àwọn tí ń bèèrè ìwé yẹn kì í gbé ìlú yìí. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wá.” Òótọ́ ni bàbá yìí sọ. Yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà ti kó púpọ̀ nínú àwọn ìwé pélébé náà jọ, ó sì ti gbé wọn síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2001, Kurt Thometz tẹ àkójọ díẹ̀ nínú wọn jáde ní Amẹ́ríkà kan náà. Ohun tí a fi ṣílè díẹ̀ rà nínú ọjà yìí nígbà kan rí ti di ohun tí a ń lọ wò ní òkè òkun.

Kí ni ìwé wọ̀nyí? Ní ìparí àwọn ọdún 1940, Cyprian Ekwensi, ẹni tí ó padà di gbajúgbajà òǹkọ̀wé, kọ When Love Whispers, àwọn lámèyítọ́ sì máa ń ka ìwé náà mọ́ àwọn tí ó ṣí ọ̀nà. Ní 1956, Ogali A. Ogali gbé eré onítàn Veronica My Daughter jáde, òkìkí rẹ̀ sì kàn jákèjádò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn rọ́ wọlé: akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, akọ̀wé, oníṣòwò. Okenwa Olisah kọ Money Hard to Get But Easy to Spend, J. O. Nnadozie kọ Beware of Harlots and Many Friends, Thomas Iguh sì sọ ọ̀ràn Lumumba ti Kóńgò di eré onítàn. Wọ́n kọ nípa ìfẹ́, owó, ọtí mímu, òṣèlú, lẹ́tà kíkọ, àti bí ọmọkùnrin ṣe lè bá ọmọbìnrin sọ̀rọ̀. Àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké tí ó wà nínú ìlú náà ni ó tẹ̀ wọ́n. Àṣìṣe ìtẹ̀wé pọ̀ nínú wọn, Gẹ̀ẹ́sì wọn sì máa ń wọ́ nígbà mìíràn.

Èyí ni ó jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé kan fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Emmanuel Obiechina ni a gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó jókòó tì wọ́n, ó sì kọ ìwé lámèyítọ́ odidi kan lé wọn lórí ní 1973. Ó fi hàn pé lítíréṣọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n, àti pé ìyípadà tí ó bá ìgbé ayé àwọn ènìyàn ni wọ́n ń sọ. Mo gba èyí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún nínú ọjà náà, ó dà bí ẹni pé ó yẹ kí a tẹ̀síwájú díẹ̀ sí i. A ti fi òṣùwọ̀n ìtàn àròsọ wọn ìwé wọ̀nyí, nígbà tí ó jẹ́ pé ohùn ọjà ni a tẹ̀ sínú wọn. Ẹ wo orúkọ àwọn ìwé náà: owó ṣòro rí, ó rọrùn ná, ṣọ́ra fún aṣẹ́wó àti ọ̀rẹ́ púpọ̀. Ìpolówó ni. A mọ̀ nínú lítíréṣọ̀ alohùn wa pé ẹni tí ó ń polówó kò ní àyè láti ṣe àlàyé gígùn. Ó gbọ́dọ̀ dá ẹni tí ó ń kọjá lọ dúró. Inú ìwé náà sì dà bí ẹnu ọjà: ìkìlọ̀, òwe, àwàdà, ìmọ̀ràn, àríyànjiyàn. Òǹkọ̀wé kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún ahunpọ̀ ìtàn tí ó gún régé, nítorí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ wà ní ìdúró, ẹrù rẹ̀ sì wà lórí.

Veronica My Daughter ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Olóyè Jombo fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ Veronica fún Olóyè Bassey olówó. Michael ni ọmọ náà fẹ́. Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ibi tí ọgbọ́n Ogali wà ni ìlò èdè. Jombo kò kàwé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́, síbẹ̀ òun ni aláṣẹ ilé. Veronica àti Michael ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé tí ó dán. Lẹ́yìn náà ni a pàdé Bomber Billy, ẹni tí ó ń to ọ̀rọ̀ ńláńlá lé ara wọn títí a kò fi gbọ́ ohun tí ó ń wí. Bí a bá kàn sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ìwé náà kò dára, a ti sọ ọ̀rọ̀ náà nù. Ohun tí Ogali ń gbé yẹ̀ wò ni ta ni ó ní agbára nígbà tí èdè tuntun bá wọ ìlú: ṣé bàbá tí kò gbọ́ ọ ni, tàbí ọmọ tí ó gbọ́ ọ, tàbí ẹni tí ó fi í dẹ́rù ba ènìyàn lásán? Ẹni tí ó bá ti wo eré Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, mọ̀ pé àwàdà lè gbé ìbéèrè tí ó wúwo dání.

Síbẹ̀, lámèyítọ́ tí ó ń yìn nìkan kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé. Àléébù ńlá kan ń bẹ lára àwọn ìwé yìí, kì í sì í ṣe ti gírámà. Ó jẹ́ ti ìfìwàwẹ̀dá obìnrin. Yàtọ̀ sí Veronica àti àwọn díẹ̀ bíi rẹ̀, obìnrin inú ìwé ọjà Onitsha sábà máa ń jẹ́ ìdẹkùn: yóò jẹ owó ọmọkùnrin, yóò sì sá lọ. Ẹ rántí Omu tí mo ní kí a fi sọ́kàn. Nínú ọjà tí obìnrin ti ṣe àkóso rẹ̀ láyé àtijọ́, nínú ọjà tí mo ti rí ìyá arúgbó tí ó fi ìka kan ṣoṣo darí alábàárù mẹ́fà, ó ṣòro kí a tó rí obìnrin oníṣòwò tí ó ní làákàyè nínú ìwé. Àlàyé rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé, tí owó wọn kò tó, ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń kọ̀wé; ẹ̀rù ìlú ńlá ń bà wọ́n, wọ́n sì gbé ẹ̀rù náà lé obìnrin lórí. Òtítọ́ ọkàn tiwọn ni wọ́n kọ. Òtítọ́ ọjà kò sí níbẹ̀.

Kí a má rò pé Yorùbá bọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Láti 1929 sí 1930, Isaac B. Thomas ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà láti fi ronú pìwà dà. Òun náà jẹ́ ìkìlọ̀ nípa obìnrin oníṣekúṣe, ọkùnrin ni ó sì gbé ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Thomas jẹ́ kí Ṣẹ̀gilọlá sọ̀rọ̀. A gbọ́ ohùn rẹ̀, a gbọ́ orin tí ó ń rántí, a bá a rìn ní àwọn àdúgbò Èkó, àánú rẹ̀ sì ń ṣe wá bí a tilẹ̀ ń bá a wí. Nítorí náà ni àwọn òǹkàwé kan fi gbà pé ènìyàn gidi ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ẹ̀ka wa bá ń wá iṣẹ́ àkànṣe tí yóò ṣe, kí ó gbé Ṣẹ̀gilọlá ka ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin inú ìwé Onitsha; yóò rí ohun tí ó pọ̀ sọ.

Kí ni ó wá pa ìwé ọjà Onitsha? Ìdáhùn tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni ogun, òótọ́ sì ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra já afárá odò náà. Ìlú di ojú ogun, ọjà di ahoro. Lẹ́yìn 1970, ọjà gbérí padà, ṣùgbọ́n ìwé pélébé kò gbérí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ fi ìdí kan kún un, èrò tèmi sì ni. Kí a tó ṣí afárá àkọ́kọ́ ní 1965, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó ènìyàn àti mọ́tò sọdá láàárín Asaba àti Onitsha. Ẹni tí ó ń ti Ìbàdàn tàbí Benin bọ̀ yóò dúró létí odò. Yóò jókòó, yóò jẹun, yóò wo àtẹ, yóò ra ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní ìsinmi, tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, yóò lo gbogbo ọ̀sán rẹ̀ nínú ọjà. Ìdúró yìí ni yàrá ìkàwé wọn. Nígbà tí afárá dé, ìdúró kúrú. A tún ṣí afárá kejì ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ìyà ojú ọ̀nà ti tó. N kò ní kí á wó afárá. Ohun tí mo ń wí ni pé lítíréṣọ̀ mẹ̀kúnnù nílò ibi tí mẹ̀kúnnù lè jókòó sí láìjẹ́ pé a bi í ní ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá nìyí. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwé Yorùbá ti gbà dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé rẹ̀. Èkíní ni ilé-ìwé: ọ̀nà yìí ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ Fágúnwà ti 1938 gbà wọ inú ọ̀kẹ́ àìmọye ilé. Èkejì ni ìwé ìròyìn, bí ti Akéde Èkó. Ẹ̀kẹta ni ọjà àti ibùdókọ̀: ní àwọn ọdún 1970, Atọ́ka, tí ó ń fi fọ́tò àwọn òṣèré alárìnjò sọ ìtàn, wà lọ́wọ́ tolórí tẹlẹ́mù. Lónìí, Atọ́ka kò sí mọ́. Ọ̀nà ilé-ìwé nìkan ni a fẹ̀yìn tì. Ìwé tí ìgbìmọ̀ ìdánwò bá yàn ni à ń rà. Ọdún tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, òkùnkùn a bò ó. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà tí mo dé pé ta ni ó ti ra ìwé Yorùbá rí tí kì í ṣe ti ìdánwò. Ọwọ́ méjì péré ni ó sókè nínú kíláàsì, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́wọ́ pé bàbá òun ni ó ra ìwé náà. N kò bá wọn wí. Ibo ni wọn ì bá ti rí i rà? Àwa olùkọ́ tí à ń kọ̀wé, ojú ta ni a fi ń kọ ọ́, bí kò ṣe ojú olùdánwò?

Àbá mi kò pọ̀. Kí àwọn tí ó ń kọ ìtàn kúkurú àti eré onítàn nínú ẹ̀ka yìí gbìyànjú ìwé pélébé, olójú-ewé díẹ̀, tí owó rẹ̀ kò ní ju ti oúnjẹ ọ̀sán kan lọ, kí a sì gbé e lọ sí ọjà àti ibùdókọ̀, kí a jókòó tì í. Kí a gbọ́ ohun tí ẹni tí kò rà á sọ, nítorí lámèyítọ́ ni òun náà. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa kọ, kí ó má baà jẹ́ pé ẹ̀rù ọ̀dọ́mọkùnrin ni a óò tún tẹ̀ jáde. Kí ilé ìkàwé wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn Atọ́ka tí ó kù sínú àpótí àwọn ìyá àti bàbá wa jọ, kí ó tó di pé àwọn ọmọ wa yóò máa wá wọn lọ sí òkè òkun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, mo padà lọ dágbére fún bàbá olùtàwé. Ó ti ń palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́. Ó bi mí bóyá mo ti rí Veronica. Mo ní n kò rí i. Ó ní kí n máa lọ láyọ̀, pé bí mo bá ní ìwé tí èmi fúnra mi kọ, kí n mú un wá, òun yóò bá mi tẹ́ ẹ. Ojú tì mí, nítorí gbogbo ìwé tí mo ti kọ, ti ìdánwò ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ọmọ wa, àtẹ ń dúró dè wá létí odò.